Wọ́n Ní Bọ́ọ̀lù Òwú Ló Fà Á

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn tí àwọn tí àìsàn ńlá kọlù kọ lẹ́yìn tí ara wọn yá tán, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń parí síbi tí wọ́n ti ń jó. Èmi ò ní jó níbí o. Àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lára mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, dókítà sì ti sọ fún mi pé kò ní lọ mọ́. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí tó dùn ún gbọ́, kó wá a lọ síbòmíràn. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, tí nǹkan kan wà lára ọmú yín tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí tí ẹ ti sọ fún ẹni tí kò yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún, nítorí yín ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ìdí rẹ̀ yóò yé yín níwájú.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé ní Ìkòsì, lẹ́yìn Kétu. Akọ̀wé ni mí nílé ìwé aládàáni kan níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé, wọn ò sì fẹ́ràn mi. Ọkọ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Daddy Bùsọ́lá, ń tún fíríìjì ṣe. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Bùsọ́lá, ó sì ti parí yunifásítì.

Lẹ́yìn ọmọ yìí, ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé ni kíróṣè, aṣọ tí à ń fi òwú àti ìkọ́ kékeré kan hun. Ní gbogbo Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwa obìnrin mọ́kànlá máa ń pé jọ sí pálọ̀ Mummy Tíṣà. Wọ́n ti fẹ́ẹ̀ pé ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n sì fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáná àti aṣọ rírán kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mùsùlùmí wà nínú wa, Kìrìsìtẹ́nì wà. Kúbùsù là ń hun fún àwọn ọmọdé tó wà ní ọsibítù, àti fún ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní ìyá. A kì í tà á. Ègé onígun mẹ́rin méjìdínláàádọ́ta ló máa ń wà nínú kúbùsù kan, ẹranko kan sì máa ń wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan. Ìjàpá ló rọrùn jù, torí àárín ègé náà ti rí roboto bí ẹ̀yìn rẹ̀. Erin ló le jù, nítorí etí. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni etí erin mi kì í wó, mo sì máa ń fi yangàn.

Ẹnì kan rí òwìwí lórí fóònù nígbà kan, ó hun ún wá. Mummy Tíṣà gbé e sókè, wọ́n wo ojú rẹ̀ méjèèjì tó là kalẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló fẹ́ kí ìyá ọmọ yíjú padà ní ọsibítù, kó wá rí ẹyẹ yìí lórí ọmọ ẹ̀?” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A tú òwìwí náà, a fi òwú rẹ̀ hun ehoro.

Òfin Mummy Tíṣà tó le jù ni pé òwú ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ọmọ aláìsàn ló fẹ́ sùn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ìdọ̀tí ilẹ̀ pálọ̀ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e débẹ̀. Bọ́ọ̀lù òwú sì rèé, bí ẹ bá gbé e lé itan, yóò yí bọ́ sílẹ̀. Ọgbọ́n tí gbogbo wa ń dá ni pé a máa ń kì í bọ inú kọ́mú, bí a ṣe ń ki owó bọ ibẹ̀ nígbà tí a bá lọ sí Mile 12. Apá òsì là ń kì í sí, torí ọwọ́ òsì ló ń darí òwú. Òwú á wá máa yọ láti ọrùn aṣọ wa díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń hun. Ìyá Sọ́díìqì, tó kéré jù nínú wa, máa ń sọ pé ẹni tó bá yọjú lójú wíńdò á rò pé ọmú wa ló ń sun òwú.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo ń yọ bọ́ọ̀lù mi jáde ní Sátidé kan, ìka mi bá kan nǹkan kan lára ọmú òsì, lápá ibi tó sún mọ́ abíyá. Kò ju ẹ̀pà lọ. Kò dùn mí. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí náà. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, tí èmi àti Mummy Tíṣà ń fọ kọ́ọ̀pù ní kíṣìnnì, mo sọ ọ́ fún wọn.

Wọn ò tilẹ̀ gbé ojú sókè kúrò nínú omi. Wọ́n ní, “Òwú ni. Ọdún mélòó lo ti ń ki nǹkan bọ ibẹ̀? Ó ti jẹ́ kí ẹran ibẹ̀ le ni. Gbé e lọ sí ọ̀tún, á lọ.”

Ẹni tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun wọn fi funfun, ta ni èmi tí n ó máa bá wọn jiyàn? Mo gbé bọ́ọ̀lù mi lọ sí ọ̀tún. Ká sòótọ́, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọn borí mi. Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ká ní wọ́n sọ pé kí n lọ rí dókítà, ó ṣeé ṣe kí n wá ẹlòmíràn tí yóò sọ pé òwú ni.

Ní oṣù kẹta ó ti tó èkùrọ́. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́jọ, ó ti tó orógbó. Mo máa ń wẹ̀, màá fo ibẹ̀. Màá wọṣọ, màá kẹ̀yìn sí dígí. Bí ó bá ti wá sọ́kàn mi, màá gbé ìkọ́ àti òwú, màá hun erin. Mi ò hun erin tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mummy Tíṣà ń yìn mí, wọ́n ní ọwọ́ mi ti yá sí i. Wọn ò bi mí léèrè ohun tí mo sọ fún wọn ní kíṣìnnì mọ́, èmi náà ò sì tún sọ ọ́. Kò dùn mí, ìyẹn ló tàn mí jẹ jù. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ohun tó bá máa pani á kọ́kọ́ dunni. Irọ́ ni. Àwọn àgbà tó ní kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, èmi ni mi ò gbọ́.

Oṣù mẹ́rìnlá ló kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a fẹ́ lọ síbi ìkómọ, Bùsọ́lá wọlé wá bá mi fa síìpù. Mi ò rántí fi aṣọ bo iwájú. Ọmọ náà dúró. Orí ọmú náà ti wọnú lọ, awọ ibẹ̀ sì ti rí bí èèpo ọsàn.

“Mummy, kí lèyí?”

Mo ní, “Òwú ni.”

“Òwú báwo?”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù òwú fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bí kò ṣe mọ́gbọ́n dání. Ọmọ mi jókòó sórí ibùsùn, ó di orí mú. Ó ní, “Mummy, lọ́la, a ń lọ sí hospital. Mi ò bẹ̀ yín o. Mò ń sọ fún yín ni.”

Agogo márùn-ún ìdájí la dé ọsibítù náà lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n fún mi. Ẹ má rò pé àwọn àádọ́rin yòókù sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn sùn síbẹ̀. Àwọn kan gbé ìjókòó tiwọn wá látilé. Nọ́ọ̀sì kan ń pariwo pé kí a má dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sì síbòmíràn tí a fẹ́ dúró sí. Mo mú òwú mi lọ. Kí wọ́n tó pè mí, mo ti hun ehoro mẹ́rin. Obìnrin tó jókòó tì mí wo ọwọ́ mi títí, ó ní, “Aunty, àwọn ehoro yìí mà dáa o.” Mo ní kó mú ọ̀kan. Ó mú un, ó fi nu ojú.

Ọmọdébìnrin ni dókítà tí mo bá, kò lè ju Bùsọ́lá lọ púpọ̀. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀, ó fọwọ́ kan abíyá mi. Ó wá ní, “Mummy, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ kíyè sí i?”

“Oṣù méjì,” mo ní.

“Oṣù méjì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bùsọ́lá náà gbà mí gbọ́. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá kan mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la sì fi dúró de èsì. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti dé abíyá. Dókítà ní kò yẹ kí a fi àkókò ṣòfò, pé wọn ó kọ́kọ́ máa fa oògùn sí mi lára, wọn ó wá gé ọmú náà lẹ́yìn ìyẹn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni gé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àǹtí Rísí, tó ń gbé ní Ìfákọ̀, ló kọ́kọ́ dé ilé wa. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan obìnrin yìí o. Tí abẹ bá ti lè kàn án, ńṣe ló máa tàn káàkiri. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.” Wọ́n dárúkọ obìnrin mẹ́ta tí wọ́n gé ọmú wọn, tí wọ́n sì kú. Kò sẹ́ni tó béèrè bí àwọn obìnrin náà ṣe fi í pamọ́ pẹ́ tó kí wọ́n tó lọ gé e. Èmi tó yẹ kí n béèrè, mo dákẹ́, torí mo mọ ohun tí ìdáhùn rẹ̀ máa jẹ́.

Ọkọ mi wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ìwọ gan-an ńkọ́? Kí lo fẹ́?”

Mo ní àgbo ni mo fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n di ẹ̀bi ru Àǹtí Rísí, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, àgbo ò sì ní abẹ lọ́wọ́. Bùsọ́lá sunkún, ó bá bàbá rẹ̀ jà, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin ni mo fi mu àgbo, tí mo fi lá àgúnmu, tí mo sì ń fi ìpara dúdú kan sí ojú ibẹ̀. Ìpara náà jó awọ mi, ojú ibẹ̀ sì bẹ́. Òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Níbi iṣẹ́, mo rí i pé àwọn ọmọ tó pẹ́ dé ò fẹ́ sún mọ́ tábìlì mi mọ́. Ìgbà tí Àǹtí Rísí fúnra wọn wọlé ní ọjọ́ kan, tí wọ́n fi gèlè bo imú, tí wọ́n sì bú sẹ́kún, la tó padà sí ọsibítù.

Oògùn tí wọ́n ń fà sí mi lára náà, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Owó rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí ọkọ mi háyà fún ẹnì kan lọ, ó gbé ilẹ̀ kékeré tí a rà sí ọ̀nà Ìkòròdú lọ. Irun mi re tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń bì. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ láti Mile 12, tó gbé òórùn tòmáàtì tó ti ń bàjẹ́ wá, tí mi ò kà sí rí fún ogún ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í lé mi wọ yàrá. Gbogbo ìyẹn ni wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún ni ọwọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi pé èèrà ń rìn lórí ìka. Lẹ́yìn ìyẹn, èèrà náà lọ, ohun gbogbo sì bá a lọ. Mo lè di ife mú kí n má mọ̀ pé mo di í mú. Dókítà ní oògùn ló fà á, pé ó lè padà, ó sì lè má padà. Kò padà.

Síbẹ̀, mi ò dẹ́kun kíróṣè. Bí mo bá ti lè dìde ní Sátidé, màá lọ. Bí mi ò bá lè lọ, Bùsọ́lá á bá mi gbé àpò ègé mi lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ṣì ń hun, mi ò tíì kú.

Ní Sátidé kan, ara mi fúyẹ́ díẹ̀, mo tètè dé. Ilẹ̀kùn pálọ̀ Mummy Tíṣà wà ní ṣíṣí. Ìyá Sọ́díìqì nìkan ló jókòó sídìí wíńdò, àpò tí mo fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń tú erin mi. Ó ń fa òwú rẹ̀, ó ń wé e padà, erin kan tí òun fúnra rẹ̀ ti hun sì wà lórí itan rẹ̀.

Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ fi nǹkan bò ó. Mo ní, “Ó ti tó ìgbà wo tó o ti ń tú u?”

“Mummy Bùsọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mummy Tíṣà ló ní ká má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.”

“Ìgbà wo ni mo bi ẹ́.”

“Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin, ma.”

Mo mú ọ̀kan tí kò tíì tú. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa. Etí kan tóbi, ìkejì kò tó èékánná, gbogbo ègé náà sì wọ́ bí àkísà tí wọ́n fún. Ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń hun nǹkan láti ọdún gbọọrọ kì í fi ojú hun, ọwọ́ ló fi ń mọ̀, ọwọ́ mi sì ti ń parọ́ fún mi láti oṣù mẹ́rin. Mo ní kí Ìyá Sọ́díìqì máa tú u nìṣó, kó má fi òwú ṣòfò. Mo jáde. Mo sunkún rìn dé títì Kétu. Onímàrúwá kan dúró, ó ní, “Mummy, ṣé wọ́n jà yín lólè ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé mi délé, kò gbowó. Láti ọjọ́ náà mi ò hun nǹkan kan mọ́.

Wọ́n gé ọmú náà lẹ́yìn oṣù kan. Iṣẹ́ abẹ náà kò le tó bí mo ṣe rò. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí yìí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ̀rù abẹ ń bà: ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin sá fún, tí mo jẹ́ kí ìpara jó mi lára nítorí rẹ̀, mo sùn, mo jí, ó ti parí. Ọgbẹ́ náà jinná. Fún bí oṣù mẹ́fà, a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ilé wa. Irun mi hù padà, mo padà síbi iṣẹ́, mo sì ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó pẹ́ dé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní fóòmù ibùsùn wa ló ti rọ̀ jù. Ọkọ mi lọ ra fóòmù tuntun. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n kì í tètè wọ orí ẹlòmíràn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó sọ fún dókítà, nígbà náà kókó tuntun kan sì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá. Wọ́n ya àwòrán gbogbo ara mi. Ó ti wọ eegun.

Dókítà náà, ọmọdébìnrin yẹn, fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, “Mummy, a ò ní lè mú un kúrò mọ́. Ohun tí a lè ṣe ni ká máa dín ìrora yín kù, kẹ́ ẹ lè lo àkókò tó kù dáadáa.” Mo bi í pé báwo ni àkókò náà ṣe gùn tó. Ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn.

Mo ní, “Dókítà, oṣù méjì tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ kìíní, irọ́ ni. Oṣù mẹ́rìnlá ni.”

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀, Mummy. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ oṣù méjì.”

Gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé mi délé. Ó di pé bí mo bá rí obìnrin mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń ra nǹkan, màá máa bi ara mi pé èwo nínú wọn ni. Mo wá ronú kan àwọn obìnrin mẹ́wàá tí wọ́n ń jókòó ní pálọ̀ kan náà ní gbogbo Sátidé, tí kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àìsàn mi lójú mi rí ju pé kí Ọlọ́run ṣàánú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní kí Bùsọ́lá mú mi lọ síbẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn gbé òwú sílẹ̀. Mo tú bọ́tìnnì aṣọ mi, mo ṣí àyà mi sílẹ̀ fún wọn, ojú àpá àti kókó tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí, mi ò ní parọ́. Mo ní, “Ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ tiyín ṣì ń mọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kó mọ èyí, kẹ́ ẹ má baà pè é ní òwú lọ́jọ́ tó bá yọjú sí yín.”

Ìyá Sọ́díìqì ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi ìka méjì kàn án, ó di ojú bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wá ibi tí òwú ti já. Ó ní, “Ó le. Kò yí.”

“Má gbàgbé bó ṣe rí,” mo sọ fún un.

Àwọn yòókù wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ń ka Ọlọ́run ṣàánú lábẹ́ ẹnu. Mummy Tíṣà nìkan ni kò wá. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń ka ègé. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọn ò wojú mi. Inú bí mi débi pé mo bọ́ sóde láìkí wọn. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìtìjú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi ni kò jẹ́ kí wọ́n lè dìde, àti pé ẹni tó fi ẹnu rẹ̀ ti ènìyàn sínú kòtò yẹ kó lè wo inú kòtò náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n wá sílé wa. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó. Bùsọ́lá gbé omi wá, wọn ò mu ún. Wọ́n dúró títí ọmọ náà fi jáde.

“Inú ń bí ẹ sí mi.”

“Rárá, ma.”

“Ó ń bí ẹ.” Wọ́n gbé ife omi náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Mi ò fọwọ́ kàn án torí mo mọ bó ṣe rí.”

Mo rò pé wọ́n ní àbúrò tó ní irú rẹ̀ ni. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n kì í bọ abẹ́ bùbá wọn, lápá ọ̀tún. Mi ò mọ nǹkan kan. Bíi pé mo fọwọ́ kan ògiri nínú àlá ni. Mo yí ọwọ́ padà, mo fi ọrùn ọwọ́ kàn án, níbi tí ara mi ṣì ti ń mọ nǹkan. Ó wà níbẹ̀. Ó ju orógbó lọ.

Mo ní, “Ó ti tó ìgbà wo?”

“Oṣù méjì.”

Mo wò wọ́n. Wọ́n yíjú sí ilẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ. Ìmọ̀ràn tí mo fún ẹ ní kíṣìnnì lọ́jọ́sí, èmi ni mo kọ́kọ́ fún ara mi.”

Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo ti fi ń bínú sí wọn nínú ọkàn mi, àṣé wọ́n ń bẹ̀rù nítòsí mi ni, bí èmi náà ṣe ń bẹ̀rù. Mo dì mọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ lọ́jọ́ kejì, pé mo mọ dókítà náà, pé èmi ni n ó bá wọn dúró lórí ìlà, pé ó lè má tíì wọ eegun tiwọn. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, “Mo gbọ́. Àmọ́ kúbùsù kan ló wà nílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọsibítù, ègé mẹ́tàlá ló kù níbẹ̀. Jẹ́ n parí ẹ̀ ná.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n, Ìyá Sọ́díìqì bẹ̀ wọ́n, Bùsọ́lá lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Mo sọ fún wọn pé n ó kọ ọ̀rọ̀ wọn mọ́ tèmi, wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà má fi orúkọ wọn sí i. Mi ò fi orúkọ wọn sí i; Mummy Tíṣà tí mo ń kọ yìí, èmi ni mo fún wọn. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n fi ègé tó gbẹ̀yìn mọ́ kúbùsù náà, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo ní, “Mummy, ó yá.” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ṣí àpótí òwú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọ̀ fún òmíràn.

Èmi ń bẹ. Mo ń lo oògùn ìrora lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ọkọ mi ló ń bá mi wẹ̀, Bùsọ́lá ló ń bá mi de bọ́tìnnì. Mo lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, mi ò lè dé títì mọ́. Mi ò retí pé n ó rí ọdún tó ń bọ̀, mo sì ti sọ fún wọn níbi tí mo fẹ́ kí wọ́n sin mí sí. Mi ò ní ìmọ̀ràn ńlá kan láti fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, tí ẹ ní ẹ fẹ́ parí ná kí ẹ tó lọ rí dókítà, ì báà jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ má parí rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ dìde.